Ẹkùn inú Àhámọ́ àti Koríko Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìyá mi kọ́ mi ní ìfura kó tó kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú, bí ẹni tí a ò mọ̀ dáadáa bá bu omi fún mi, ojú ìyá mi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá ti ṣẹ́jú sí mi, òùngbẹ ì báà pa mí, mi ò ní mu ún. "Pańsá ò fura, pańsá jáná," ló máa ń wí, "àjà ò fura, àjà jìn." Mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo gbé e dé Woolwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti ń fi í jẹun láti ọjọ́ yìí wá, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìdajì rẹ̀ ìfura ni.

Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nínú ilé wọn. Mo máa ń wẹ̀ wọ́n, mo máa ń wọṣọ fún wọn, mo máa ń fún wọn lóògùn, mo sì máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan tí ọ́fíìsì gbé sínú kíṣíìnì oníkálùkù. Ọ̀rọ̀ tí máníjà wa kọ́kọ́ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni pé ohun tí o kò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Bí arúgbó bá ní ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́ tí o kò kọ ọ́, ìwọ lo fún un lọ́gbẹ́. Bí ṣéènì rẹ̀ bá sọnù tí o kò kọ ọ́, ìwọ lo jí i. Àwa tí awọ ara wa dúdú, a tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yé ju àwọn tó kù lọ. Nítorí náà, a máa ń kọ ọ́. Bí eṣinṣin tó ń kùn bá bà lé ojú fèrèsé, àwọn kan lára wa á kọ ọ́.

Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò gbèrò ibi lọ́jọ́ tí mo kọ ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi ti bàbá kan mọ́lé. Èmi ni mo kọ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ dì í rù.

Ọmọ ilẹ̀ Nepal ni bàbá náà. Ó ti ṣe sójà fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí tó fi fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Plumstead àti Thamesmead kún fún irú wọn. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ẹ ó rí wọn, àwọn àgbà tí fìlà wà lórí wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ sẹ́yìn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń gbé, ní àjà kejì nínú ilé kan létí adágún ní Thamesmead. Ọmọ yìí ń wa bọ́ọ̀sì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti jáde. Èmi ni mo máa ń wọlé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, mo sì tún máa ń padà wá ní aago kan ọ̀sán. Orúnkún Bàbá le díẹ̀, ó sì ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ti fi gáàsì sílẹ̀ lórí iná lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó ń fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, ó ń lọ aṣọ ara rẹ̀, ó sì ń rìn jáde nígbà tó bá wù ú.

Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gba nǹkan. Ì báà ṣe ife tíì, ì báà ṣe hóró oògùn kan, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á tẹrí ba díẹ̀, á sì gbà á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú mi dùn, mo ní ẹni tí wọ́n kọ́ nílé nìyí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí ló dé tó ń tẹrí ba fún mi, èmi tí mo kéré sí i. Ẹ wo bí mo ṣe burú tó. Ó máa ń se ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kan, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, á sì bù tèmi sínú abọ́. "Mo ti yó, Bàbá." Ikùn mi á máa ké. Òfin iṣẹ́ wa ni pé a ò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ ẹni tí à ń tọ́jú, mo sì fẹ́ràn òfin yẹn púpọ̀, nítorí ó ń bo àṣírí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, mo wọlé mo bá ọmọ rẹ̀ nílé, ojú rẹ̀ wú. Ó ní àbúrò Bàbá tó kù ní abúlé ti kú. Ó lọ gé koríko fún ẹfọ̀n wọn létí igbó, kò padà wálé mọ́. Ẹkùn ló pa á. Kì í ṣe ẹkùn tiwa tó ní àmì tótòtó lára, èyí tó ní ilà dúdú gbọọrọ ni, tó tóbi tó màlúù. Mo jókòó. Mo ti ń gbọ́ ìtàn ẹkùn láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò tíì bá ẹni tí ẹkùn pa ará ilé rẹ̀ pàdé rí. Bàbá jókòó síwájú fèrèsé, kò sunkún. Ó ń wo adágún, ó sì di ọwọ́ méjèèjì mú lórí itan.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà, màá sọ ọ́ bó ṣe rí: mo ní ẹkùn yẹn ò lè jẹ́ ẹkùn lásán. Gbogbo abúlé, òun nìkan ló rí pa? Ta ló bá a jà? Ta ló ń bá a du ilẹ̀? Mi ò sọ ọ́ síta ṣá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìròyìn dé pé àwọn aṣọ́gbó ti dẹ páńpẹ́, wọ́n ti mú ẹkùn kan, wọ́n fi oògùn kùn ún lóorun, wọ́n sì gbé e sínú àhámọ́ onírin. Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ lábúlé. Àwọn kan ní kí wọ́n pa á. Àwọn aṣọ́gbó ní àwọn ò ní pa á, inú àhámọ́ ni yóò wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé bá a. Nítorí pé Bàbá ni àgbà ìdílé, àwọn ará ilé ń pè é lórí fóònù, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ni àwọn ń wò, ohun tó bá sọ ni àwọn máa bá ìjọba sọ. Bí ilé tó wà létí adágún ní Thamesmead ṣe di kóòtù ẹkùn nìyẹn.

Mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́, ọmọ ń túmọ̀ fún mi. Bàbá ní kí wọ́n má pa á, ẹkùn ò ka òfin, èèyàn ló wọ igbó ẹkùn.

"Ẹran tó bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ èèyàn wò, pípa ni wọ́n ń pa á," ni mo wí. Kò sẹ́ni tó bi mí o. "Ẹ ó wá máa fi ẹran bọ́ ohun tó pa àbúrò yín?"

Bàbá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó wa í lò. "Kí wọ́n tì í mọ́," ló wí. "Kí wọ́n fún un ní ẹran, kí wọ́n fún un ní omi. Kò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́, wọn ò sì ní pa òun náà. Oore ni."

Mo ní ó dáa, tiyín ni láti sọ. Àmọ́ ẹnu ń yún mi. Mo ní, "Bàbá, ta ló tilẹ̀ rí i? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òun gan-an ni?"

Ọmọ rẹ̀ ní wọ́n wọn ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Mo pòṣé sínú. Mo ní bóyá èyí tí wọ́n bá nítòsí ni wọ́n mú, bí ọlọ́pàá ṣe máa ń ṣe. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá lára, nítorí ó gbé fóònù, ó ní kí n wá wo fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹkùn náà ń rìn nínú àhámọ́. Á rìn dé ìdí irin, á yí padà, á rìn dé ìdí irin kejì. Imú rẹ̀ ti bó níbi tó ti ń fi í ha irin. "Ó sanra," Bàbá wí, "wọ́n ń fún un ní oúnjẹ." Ó sọ fún àwọn ará abúlé lọ́jọ́ yẹn pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹkùn wà nínú àhámọ́. Wọ́n gbà, ọ̀rọ̀ ẹkùn parí. Tèmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀bẹ kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn, ọ̀bẹ àwọn sójà wọn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, tó wà nínú àpò awọ. Mo ti ń nu eruku rẹ̀ ó ti pẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo padà dé ní aago kan ọ̀sán, Bàbá ò sí nílé, ọ̀bẹ náà ò sì sí lára ògiri. Nígbà tó dé, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀. Mo bi í pé níbo lẹ ti ń bọ̀. Ó ní òun rìn lọ síbi kan. Ibo? Ó rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ọ̀bẹ ti padà sí ààyè rẹ̀. Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kò tún sí.

Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Èèyàn jẹ́jẹ́, bàbá tó ń tẹrí ba fún mi, ló ń gbé ọ̀bẹ jáde lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá inú ilé. Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì tí wọ́n gbé fọ́tò àbúrò rẹ̀ lé ni mo ti rí i: ìdì koríko kan, ó ti gbẹ, wọ́n fi òwú pupa dì í ní ìdí dáadáa. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí ṣì tutù díẹ̀. Mẹ́ta ni gbogbo wọn.

Aúsù bílláhì. Mo sáré gbé ìgbálẹ̀ kúrò. Mo ka Ayatul Kursiyyu sínú kíákíá, mo lọ fọ ọwọ́ mi títí dé ìgúnpá. Ẹni tó bá dàgbà níbi tí mo ti dàgbà mọ ohun tí ewé tí a fi òwú pupa dì, tí a fi sábẹ́ fọ́tò òkú, ń sọ. Mo ní ẹ̀san àbúrò rẹ̀ ló ń gbà. Mo ní ìyẹn ló ṣe ní kí wọ́n má pa ẹkùn, ó mọ ẹni tó rán an. Ta wá ni ọ̀bẹ wà fún?

Ìdáhùn ò wọ́n mi. Ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ tó ní ajá ńlá kan. Ajá yẹn ti fò mọ́ Bàbá lórí àtẹ̀gùn, Bàbá na ọ̀pá sí i, ó sì sọ nǹkan kan ní èdè wọn fún olówó ajá. Mo rí ojú Bàbá lọ́jọ́ náà. Kò tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n mo ti rí i, mo sì ti kó o pamọ́. Ohun tí èmi bá ti kó pamọ́, kì í sọnù.

Mo tẹ̀ lé e nígbà kan. Kí ẹ má baà sọ pé mi ò gbìyànjú. Mo ní àyè díẹ̀ kí n tó lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kejì, mo sì wọ bọ́ọ̀sì tó wọ̀, mo jókòó sẹ́yìn, mo fi ìborùn bo ẹnu. Ó sọ̀ ní Abbey Wood, ó gun òkè lọ síbi àwókù Lesnes Abbey, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn òkúta wọ̀nyẹn kọjá, ó sì wọ inú igi. Mo dúró sídìí àwókù náà. Àwọn ìyá ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, òyìnbó kan ń ju bọ́ọ̀lù fún ajá rẹ̀. Ó yẹ kí n wọlé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní bó bá jẹ́ ètùtù ló lọ ṣe, kí ojú mi má baà kàn án. Mo wo aago, mo padà. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ mẹ́wàá kún un ni, mi ò bá tí jókòó máa kọ èyí lónìí.

Ọjọ́ kejì ni mo kọ ọ́ sínú fáìlì. Ìlà mẹ́ta. Mo kọ pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀bẹ kì í sí lára ògiri. Mo kọ pé Bàbá ń gbé e jáde, kì í sì í sọ ibi tó ń lọ. Mo kọ pé inú ń bí i sí ará ìsàlẹ̀ nítorí ajá. Mi ò kọ koríko. Mo gbé bíró sókè, mo fẹ́ kọ ọ́, mo wá rò ó pé kí ni màá pè é? Bí mo bá kọ oògùn, òyìnbó á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní obìnrin Áfíríkà yìí tún ti dé. Ojú tì mí. Mo pa fáìlì dé.

Ẹyin lohùn, a sì máa ń gbàgbé pé ohun tí a kọ gan-an ẹyin ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, máníjà ti wá, obìnrin kan láti kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò, náà sì wá. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n mú ọ̀rọ̀ gáàsì, wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìgbàgbé, wọ́n fi ọ̀bẹ lé e lórí. Wọ́n ní kí n ka ohun tí mo kọ. Mo kà á. Ohùn mi lọ sílẹ̀, mo sì ń wo ilẹ̀. Ìdì koríko mẹ́rin ló wà lábẹ́ tábìlì nígbà náà, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò. Obìnrin kánsù bi Bàbá pé kí ló ń fi ọ̀bẹ ṣe. Bàbá nara ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú ọ̀gá sójà, ó ní, "Iṣẹ́ ìdílé ni." Kò fi nǹkan kan kún un. Ọmọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ láti òru, ojú rẹ̀ ń pa dé. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n á ti máa ṣọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, kí wọ́n fi wò ó. Ọmọ fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé ọ̀bẹ lọ nínú báàgì.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ rẹ̀ pè mí pé kí n wá gba fáìlì àti àwọn ìbọ̀wọ́ tí mo fi sílẹ̀. Mo bá a tó ń palẹ̀ yàrá mọ́. Àwọn ìdì koríko wà lórí tábìlì báyìí, ó tò wọ́n jọ, ó ń dá a rò bóyá kó dà wọ́n nù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé. Ó rí mi, ó rí ibi tí ojú mi wà.

"Koríko bàbá kékeré ni," ló wí. Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá wọn nìyẹn. "Nígbà tí wọ́n rí òkú rẹ̀, okùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdajì ẹrù koríko ló ti gé. Ìdajì. Bàbá ní ọkùnrin kì í lọ gé koríko kó fi ìdajì wálé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kú. Torí náà, ní Ìṣẹ́gun, Bàbá ń lọ gé tirẹ̀ kún un, títí ẹrù á fi pé."

"Kí ló fi ń gé e?" Mo mọ̀ kí n tó bi í.

Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó ti mọ̀ nípa koríko, kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi ń gé e. Ó rò pé ọwọ́ ló fi ń fà á. Èmi mọ̀ nípa ọ̀bẹ, mi ò mọ ohun tó fi ń ṣe. A jọ jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé, ìdajì ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì wà lọ́wọ́ mi. Ká ní mo kọ koríko ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, koríko, ọmọ rẹ̀ á ti là á yé wọn kí tíì tó tutù. Èmi tí mo bi wọ́n pé ta ló rí ẹkùn, mi ò bi ara mi.

Ó bi mí pé, "Kí ló dé tí ẹ ò kàn bi mí léèrè?" Kò pariwo. Mo gba fáìlì àti ìbọ̀wọ́, mo jáde. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé Glyndon níbi tí mò ń gbé, obìnrin kan sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo kọ lẹ́tà. Mo kọ gbogbo rẹ̀, koríko, òwú, ẹ̀rù tó bà mí, mo ní kí òyìnbó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá wù wọ́n. Máníjà ní òun ti fi sínú fáìlì. Obìnrin kánsù ní òun dúpẹ́, ó ní ṣùgbọ́n ọ̀bẹ, ọ̀bẹ ṣì ni níta gbangba, àti pé láti ìgbà tó ti dé ilé ìtọ́jú ó ti gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, èyí tó fi hàn pé kò dára kí ó wà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mo bi í pé ọjọ́ wo ló gbìyànjú rẹ̀. Ó wo ìwé. Ìṣẹ́gun ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, wọ́n tún fi òmíràn kún un.

Ilé ìtọ́jú náà ò jìnnà sí Woolwich Dockyard. Ó mọ́ tónítóní, mi ò lè fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn iwájú, nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣí i, àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Mo lọ kí i ní ọjọ́ ìsinmi mi. Ó ti sanra díẹ̀. Wọ́n ti ń fá irùngbọ̀n fún un. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́, pé mo rò pé oògùn ni.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìwọ lo kà á. Iṣẹ́ rẹ ni." Ó ní kí n dìde. Ì bá sàn kó bú mi.

Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀rọ̀ ẹkùn wá. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. "Oúnjẹ wà níbí. Omi wà. Wọn ò lù mí. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe fún ẹkùn yẹn nìyí."

Mo bi í pé, "Ṣé kí wọ́n pa á ni, Bàbá? Ṣé kí wọ́n tú u sílẹ̀?"

Ó mi orí. "Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, á pa ọmọ ẹlòmíràn. Bóyá òun kọ́ ló pa á, mi ò mọ̀, ìwọ lo bi mí nígbà náà. Kí wọ́n tì í mọ́, bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ kíákíá, mò ń mu tíì. Mo pè é ní oore." Ó wo ilẹ̀kùn. Ó bi mí pé, "Kí ni òní?"

Mo ní Ọjọ́ Ajé ni.

"Ọ̀la, nígbà náà," ló wí. Kò bẹ̀ mí. Mo sọ fún un pé màá gé koríko wá fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe ọ́fíìsì pé ara mi ò yá. Mo gba Abbey Wood lọ, mo gun òkè, mo kọjá àwókù, mo sì wọ inú igi láìwẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o. Àyè kan wà tí oòrùn ti ń wọlé, koríko rẹ̀ ga dé orúnkún, mo sì rí ibi tó ti gé e rí, ó ti ń hù padà. Àlùmọ́gàjí ìdáná mi ni mo fi gé tèmi. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo mú òwú pupa láti ilé, mo dì í bó ṣe máa ń dì í.

Ọ̀dọ́bìnrin tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú, Yorùbá ni, ohùn Ìbàdàn wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti mọ̀ mí láti àbẹ̀wò tẹ́lẹ̀. "Mummy, ẹ kú ọ̀sán ma." Ojú rẹ̀ wá bà lé ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo òwú pupa. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, tó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí nìyẹn, ma?"

"Koríko ni. Bàbá ló ni ín."

"Koríko kí ni?"

Mo là á yé e. Ẹkùn, àbúrò, ìdajì ẹrù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bó ṣe ń rí létí ẹni tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ èmi. Ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà sínú. "Ẹ má bínú, ma," ló wí. Ohùn rẹ̀ tutù, kò rí mi fín rárá. "Mi ò lè jẹ́ kó wọlé. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ná."

Ó ṣí ìwé, ó gbé bíró. Mo ní, "Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kọ ọ́ pé koríko ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí o kọ."

Bíró dúró díẹ̀ lókè ìwé. Ojú tì í, mo mọ ojú yẹn. Ó kọ ìlà kan, ó sì pa ìwé dé, ṣùgbọ́n mo ti kà á láti òdì: àlejò mú nǹkan kan wá fún Bàbá, a kò gbà á.

Bàbá ti wà lẹ́yìn gíláàsì láti ìgbà tí mo dé. Ó ti wọ ẹ̀wù kóòtù rẹ̀. Ó rí ìdì koríko lọ́wọ́ mi, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì ti na ọwọ́ méjèèjì.